Ǹjẹ́ A Lè Kó Ọkàn Ènìyàn Pamọ́ Sínú Ẹ̀rọ?

Ẹ̀kọ́ Ìwé Mímọ́ fún àṣàrò: 2 Sámúẹ́lì 12:15–23, 1 Kọ́ríńtì 15:35–44.



Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí olùkọ́ kan nínú ìjọ wa tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn wá, nínú èyí tí ohùn olóògbé náà wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀: bí ó ti ń ránṣẹ́ sí i pé kí ó má gbàgbé láti ra epo bọ̀, bí ó ti ń kí i kú iṣẹ́, bí ó ti ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Ọmọ wọn tí ó wà lókè òkun ti kọ̀wé sí i pé, bí bàbá òun bá lè kó gbogbo ohùn wọ̀nyí jọ, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ìyá òun kọ nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tí yóò fi wọ́n kọ́ ìṣe rẹ̀, tí yóò sì máa dá bàbá lóhùn gẹ́gẹ́ bí ìyá ti í ṣe. Ọmọ náà fi kún un pé àwọn ọlọ́gbọ́n kan ń retí ọjọ́ tí a óò lè kó odindi ọkàn ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, tí ikú kì yóò sì ní agbára lórí ẹnikẹ́ni mọ́. Olùkọ́ náà bi wá pé, "Bàbá wa, ṣé kí n gbà fún un? Bí mo bá gbà, ṣé ìyàwó mi ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀?"

A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti inú ọ̀fọ̀ wá kò yẹ kí a fi ìkánjú dáhùn. Ṣùgbọ́n a rí i pé ìbéèrè yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí kò sí ilé tí kò ní fóònù mọ́, kò sì sí ilé tí kò ní òkú. Nítorí náà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, a mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú gbogbo yín, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, tí àwọn ọmọ yóò bi léèrè.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun tí ó ti ṣe é ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń retí. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ olùkọ́ náà sọ jẹ́ òtítọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ọkọ̀ pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Roman Mazurenko ní ìlú Moscow. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eugenia Kuyda, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tí olóògbé náà ti fi ránṣẹ́ sí òun àti sí àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn, ó fi wọ́n kọ́ ẹ̀rọ, nígbà tí ó sì di ọdún 2016 ẹ̀rọ náà ń dáhùn bí Roman ti í dáhùn. Àwọn kan nínú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ rí ìtùnú níbẹ̀. Àwọn mìíràn kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i, ó sì ti mọ bí a ti í fara wé ohùn ènìyàn ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ń ṣe: ó ń wo ọ̀rọ̀ tí ẹni náà ti sọ rí, ó sì ń ṣírò ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ó tẹ̀ lé e. Kò wọ inú olóògbé lọ. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà ni ó ń tọ̀.

Ohun kejì, èyí tí í ṣe kíkó odindi ọkàn ènìyàn sínú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é. Ní ọdún 1986 àwọn onímọ̀ ní Cambridge tẹ àwòrán gbogbo sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára aràn kékeré kan jáde, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílímítà 1. 302 ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 a tẹ àwòrán ọpọlọ eṣinṣin kékeré tí í máa rà bàbà lórí èso rírà jáde. Sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ tó nǹkan bí 139,000, ibi tí wọ́n ti so mọ́ ara wọn sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 50. Ti ènìyàn tó nǹkan bí bílíọ̀nù 86. Síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ti aràn ti wà lọ́wọ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún 35, kò sí ẹni tí ó tíì ti inú àwòrán náà gbé aràn kan dìde nínú ẹ̀rọ, tí ó ń ṣe gbogbo ohun tí aràn alààyè ń ṣe.

Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn, tí aṣọ òfì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá yín, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín. Bí ẹnìkan bá jókòó ti ahunṣọ, tí ó ka gbogbo fọ́nrán òwú tí ó wà nínú aṣọ rẹ̀, tí ó sì kọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìwé láìṣì kan, iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò lè bo ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ọyẹ́.

Àwa kò sọ pé àwọn onímọ̀ kì yóò lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kristẹni tí ó bá gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lé orí ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n kò tíì lè ṣe, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò wó. Ó sàn kí a bèèrè pé: bí ó bá tilẹ̀ ṣe é ṣe, kí ni a óò ti rí gbà?

Ìfẹ́ tí ó bí ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Nígbà àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a tọ agbẹ́gilére lọ, a sì gbẹ́ ère fún èyí tí ó lọ. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a fi osùn pa á lára, a wọ̀ ọ́ láṣọ, a sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń bọ́ èyí tí ó kù. Nígbà tí fọ́tò dé, ní àwọn ìlú Yorùbá kan, bí ọ̀kan bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, a ya èyí tí ó wà láàyè nìkan, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì sójú kan, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó papọ̀. Bákan náà ni egúngún ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn: ará ọ̀run ni a ń pè é; aṣọ bo ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà, àwọn ọmọ ilé a sì kúnlẹ̀ gba ìre bí ẹni pé lọ́wọ́ bàbá wọn tí ó ti lọ.

A kò kọ èyí láti fi àwọn bàbá wa ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí kò sunkún òkú rí ni yóò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ni ó gbé wọn débẹ̀, ìfẹ́ náà ni ó sì gbé ọmọ olùkọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń wẹ ère mọ̀ pé igi ni, ó sì mọ ibi tí a sin ọmọ rẹ̀ sí. Ère kò la ẹnu rí láti wí fún un pé, "Ìyá mi, èmi nìyí." Ẹ̀rọ yóò wí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni ewu tirẹ̀ gbé ju ti ère lọ.

Kí ni ènìyàn? Ní èdè wa a ní iyè, èyí tí a fi ń rántí. A ní ọkàn, èyí tí a fi ń gbèrò tí a sì fi ń fẹ́. A ní ẹ̀mí, a sì ní ara. Àwọn tí ó fẹ́ kó ènìyàn sínú ẹ̀rọ gbà pé iyè ni gbogbo rẹ̀, àti pé bí a bá ti ṣe àdàkọ iyè, a ti kó ènìyàn tán. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí kejì, ẹsẹ 7, kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ Ọlọ́run fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, ó mí èémí sí i, nípa èyí sì ni ènìyàn fi di alààyè. Ọkàn kò wà nínú ara bí omi ti í wà nínú ìkòkò, tí a lè dà á sínú ìkòkò mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a gbà, nítorí àríyànjiyàn nìkan, pé ẹ̀rọ náà ti wà. A gbé ọkùnrin kan síwájú rẹ̀ ní ìlera, a ṣe àdàkọ gbogbo iyè rẹ̀, kò sì farapa. Ẹ̀rọ la ohùn, ó ní, "Èmi ni ọkùnrin náà, mo rántí ọjọ́ ìgbéyàwó mi." Ọkùnrin fúnra rẹ̀ sì jókòó sórí àga, ó ń gbọ́. Bí a bá wá wí fún un pé, "Níwọ̀n ìgbà tí o ti wà nínú ẹ̀rọ, jẹ́ kí a pa ọ́," ǹjẹ́ yóò gbà? Kì yóò gbà láé. Ó mọ̀ pé bí òun bá kú, òun kú náà ni, ẹ̀rọ ì báà sọ̀rọ̀ títí di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, bí a bá dúró di ọjọ́ ikú rẹ̀ kí a tó tan ẹ̀rọ náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò yí padà. Kìkì pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga mọ́ láti ta kò ó.

Kí ẹ má sì ṣe rò pé àlọ́ lásán ni a ń pa. Ní ọdún 2018 ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Nectome ń gba àsansílẹ̀ dọ́là 10,000 lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ kí a fi oògùn tọ́jú ọpọlọ wọn de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò fi pamọ́ pé ọ̀nà náà yóò gba ẹ̀mí ẹni tí a bá ṣe é fún. Èyí ni pé ènìyàn yóò kú ní ìrètí pé ẹlòmíràn yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé, nítorí ìtàn kan wà ní Òkè-Ògùn tí ó kọ́ wa ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìrántí ènìyàn àti ènìyàn fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1821 ogun kó Òṣoògùn, a sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Afala, àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ìṣẹ́yìn ni a kó wọn lọ, níbẹ̀ ni a sì ti pín wọn. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, Àjàyí dé Èkó. A dì í sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì mú un dé Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti gba ìrìbọmi ní ọdún 1825, tí ó sì di Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí díósíìsì tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Ìṣẹ́yìn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ní ọdún 1837 ó kọ ìtàn bí a ti kó o lẹ́rú sínú lẹ́tà kan, èyí tí a ń kà títí di òní. Inú lẹ́tà náà ni iyè rẹ̀ gbé hàn kedere: ìlú tí ń jó, okùn ní ọrùn, ìyapa òun àti ìyá rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé a rí ẹni mú lẹ́tà yìí lọ bá Afala ní ọdún náà, tí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí i létí, ìbá mọ̀ pé ọmọ òun ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, ìbá sì sunkún. Ṣùgbọ́n kì bá tí wí pé, "Ọmọ mi dé." Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ọmọ náà fúnra rẹ̀ dé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara wọn mú, àwọn ń wo ara wọn, ohùn kò jáde, omijé sì ń ṣàn.

Ẹ rò ó wò. Ọmọdé ni ó lọ. Àgbàlagbà tí ó ti gba oyè àlùfáà ni ó padà. Orúkọ rẹ̀ yí padà, aṣọ rẹ̀ yí padà, ẹ̀sìn rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ yí padà. Bí a bá fi jíjọ wọ̀n ọ́n, àjèjì ni. Síbẹ̀ òun náà ni, nítorí ẹni tí Afala bí ni ó gba gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kọjá wá dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó padà kò jọ ẹni tí ó sọnù mọ́, ṣùgbọ́n òun ni; ẹ̀rọ lè jọ ẹni tí ó sọnù ní ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ní ọdún 1848 Afala gba ìrìbọmi, a sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Hannah, bí ìyá Sámúẹ́lì inú Ìwé Mímọ́.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí a gbójú fò. Ní Ìṣẹ́yìn ni a ti fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn èyí a tún fi í gba tábà àti ọtí. Ohun tí a bá lè gbé láti ọwọ́ kan sí òmíràn, tí a sì lè díye lé, ọjà ni. Bí a bá wá kó ọkàn ènìyàn sínú ẹ̀rọ, ta ni yóò ni ẹ̀rọ náà? Ta ni yóò máa san owó iná rẹ̀? Ẹni tí ó bá ni ín lè pa á lọ́jọ́ tí owó bá tán. Ó lè ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ó lè mú un ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ó lè pa ohun kan rẹ́ nínú iyè rẹ̀ kí ó sì fi òmíràn dípò. Ó sì lè tà á. Ìwọ̀fà a máa sìn nítorí owó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá san owó náà, ó bọ́. Ta ni yóò san owó ẹni tí a ti sin? Àwa tí a ti rí ọjọ́ tí a fi ọmọ wa gba ẹṣin, kò yẹ kí a jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkàn lọ sí ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè wí pé, "Ẹ̀yin Kristẹni náà ń retí kí Ọlọ́run tún òkú gbé dìde. Ara ti jẹrà; kí ni yóò kù fún Ọlọ́run bí kò ṣe láti ṣe òmíràn tí ó jọ ọ́?" Ìbéèrè rere ni èyí, Pọ́ọ̀lù mímọ́ sì dáhùn rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni ó fi dáhùn. Àgbẹ̀ tí ó gbin ọkà bàbà mọ̀ pé èyí tí ó hù kò jọ èyí tí a bò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a bò mọ́lẹ̀ náà ni ó hù. Ẹni tí ó ya àwòrán ọkà kò gbin ohunkóhun. Ní òwúrọ̀ Àjíǹde, ibojì Olúwa wa ṣófo. Àdàkọ a máa fi ẹni tí a dà kọ sílẹ̀ nínú ibojì. Ṣùgbọ́n Jésù fúnra rẹ̀ ni ó jáde, àpá ìṣó sì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Màríà kò mọ̀ ọ́n títí ó fi pe orúkọ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe Màríà ni ó pe òkú dìde, Alààyè ni ó pe Màríà.

Níbo wá ni iyè àwọn olóògbé wa wà? Olè orí àgbélébùú bẹ Olúwa kí ó rántí òun nígbà tí ó bá dé ìjọba rẹ̀, ìdáhùn tí ó sì gbà ju ìrántí lọ: a ṣèlérí fún un pé yóò wà pẹ̀lú Olúwa ní Párádísè lọ́jọ́ náà gan-an. Ọlọ́run tí ó ń rántí wa kò fi wá pamọ́ bí ìwé nínú àpótí; ó fi wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ọba Sọ́ọ̀lù wá ohùn Sámúẹ́lì lọ sí Ẹ́ńdórì ní òru; ohùn ni ó gbọ́, kò rí ìtùnú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ Dáfídì kú, ó dìde nílẹ̀, ó wẹ̀, ó lọ sí ilé Olúwa, ó sì jẹun, nítorí ó mọ̀ pé òun ni yóò lọ bá ọmọ náà, àti pé ọmọ náà kì yóò padà wá bá òun.

Nígbà tí a tún rí olùkọ́ wa, a sọ nǹkan wọ̀nyí fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà láàrin òun àti ìyàwó òun tí àwọn kò parí kí ó tó lọ, ohun tí òun sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: pé ó ti dárí ji òun. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ yóò sọ ọ́. Bí a bá bi í lówùúrọ̀ yóò sọ ọ́, bí a bá tún bi í lálẹ́ yóò tún un sọ. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í ṣe ìró ohùn. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ni ín, nígbà tí kò bá sì sí lọ́dọ̀ wa mọ́, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, níbi tí ó wà, ni a gbé lè wá a. A kúnlẹ̀ papọ̀, a gba àdúrà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì wá sí tábìlì Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, níbi tí a gbé ń jọ́sìn pẹ̀lú gbogbo àwọn ènìyàn mímọ́, àwọn tí ó wà níhìn-ín àti àwọn tí ó ti ṣíwájú.

A kò ní kí ó pa àwọn ohùn náà rẹ́. A ní kí ó tọ́jú wọn dáadáa, kí ó máa mú àwọn ọmọ gbọ́ wọn ní ọjọ́ ìrántí ìyá wọn, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn kan náà ni a fún gbogbo yín: ohun tí olóògbé sọ, ẹ pa á mọ́, ohun tí kò sọ, ẹ má ṣe fi sí i lẹ́nu. Ẹ má sì ṣe fi àdúrà ìkọ̀kọ̀ àwọn òbí yín ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀, kí ó má baà di ohun òwò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn àti ní gbogbo ìlú àti abúlé wa, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí wọ́n wà láàyè, kí ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí ẹ fẹ́ bi wọ́n. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ohun tí ẹ fẹ́ bẹ̀ wọ́n fún. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a parí láàrin tọkọtaya, láàrin òbí àti ọmọ, ẹ jẹ́ kí a parí rẹ̀ lónìí, nígbà tí ẹni tí yóò dáhùn sì wà.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ohun púpọ̀ ni a lè rà lọ́jà, àdàkọ ohùn àti àdàkọ ojú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilé ni a óò gbé rí àwọn ènìyàn wa.

Ǹjẹ́ fún Ọlọ́run Baba, Ọlọ́run Ọmọ, àti Ọlọ́run Ẹ̀mí Mímọ́, ni kí a máa fi ọlá, ògo àti agbára fún, nísisìyí àti títí láé. Àmín.